Ẹ mú tówẹ̀ẹ̀lì méjì dání: bẹ́ ẹ ṣe máa lọ kí ẹgbẹ́ àwọn tí kì í wọṣọ ní ìgbèríko Ìlú Ọba

Kẹ́ ẹ tó pariwo, èmi náà ti pariwo tèmi lọ́jọ́ tí ẹnì kan níbi iṣẹ́ sọ fún mi pé òun wà nínú club kan tí tọkùnrin tobìnrin ti máa ń bọ́ra sílẹ̀ pátápátá. Mo ní ayé ti bàjẹ́. Ìgbà tí mo wá débẹ̀, àwọn bàbá àti ìyá tó ti fẹ̀yìntì ni mo bá, wọ́n ń mu tíì, wọ́n ń jiyàn lórí ta ló kàn láti gé koríko. Ẹni tó bá ń wá ìṣekúṣe kó má lọ síbẹ̀ o, á kàn sú u ni.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ irú club báyìí ò ní òṣìṣẹ́ kankan. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ń dáwó, àwọn náà ló ń tún ilẹ̀ ṣe, sẹ́kìtírì tó máa dá yín lóhùn gan-an, tó bá ti ibi iṣẹ́ ẹ̀ dé lálẹ́ ló tó ń ka ímeèlì. Torí náà èèyàn kì í ṣàdédé yọ sí wọn. Ẹ kọ̀wé ṣáájú, ẹ sọ orúkọ yín, ẹ sọ bóyá ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń bọ̀ àbí ẹ̀yin àti ẹnìkejì yín, àti ìdí tó fi wù yín, kẹ́ ẹ wá ní sùúrù. Tẹ́ ẹ bá ní káàdì British Naturism, ẹgbẹ́ ńlá wọn tó ti wà láti 1964, ọ̀nà á rọrùn díẹ̀. Ọkùnrin tó dá wà, wọ́n lè ní kó dúró ná, torí àwọn club mìíràn kì í fẹ́ kí ọkùnrin àpọ́n pọ̀ jù, kì í ṣe torí pé èèyàn dúdú ni yín, èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, àṣé wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ fún òyìnbó méjì ṣáájú mi.

Ṣé ọlọ́pàá ò ní kó wa? Rárá. Ní England àti Wales, ìhòòhò nìkan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ẹni tó bá dìídì ṣí ìhòòhò láti dẹ́rù ba èèyàn tàbí láti kó ìdààmú bá a ni òfin ọdún 2003 lórí ẹ̀ṣẹ̀ ìbálòpọ̀ ń bá wí. Scotland ní òfin tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wọṣọ yín títí tí géètì fi máa pa dé lẹ́yìn yín, àwọn ará abúlé ò bá yín dá ẹgbẹ́. Bí wọ́n bá ṣe júwe ọ̀nà ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé, torí kì í sábà sí pátákó lójú títì. Èmi gba Google Maps gbọ́, ó gbé mi lọ sí ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀ kan, mo wá dúró síwájú àwọn màálù ẹ̀, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ bèèrè ibi tí mò ń lọ.

Ẹrù tẹ́ ẹ máa dì ò pọ̀ àfi tówẹ̀ẹ̀lì. Méjì o! Ọ̀kan fún ara, ọ̀kan fún ìjókòó, torí kò sẹ́ni tó ń fi ìdí lásán jókòó lórí àga níbẹ̀, òfin tó ju òfin lọ nìyẹn. Àwa tá a máa ń fi òrí àti àdí àgbọn para, ẹ mú èyí tó fẹ̀ dáadáa. Ẹ mú ìpara tó ń dènà oòrùn, ara dúdú náà ń jó, pàápàá ibi tí oòrùn ò tíì rí látọjọ́ tí wọ́n ti sọ yín lórúkọ. Bàtà, torí ewé kan wà nínú igbó wọn tó ń ta èèyàn bí èsìsì, eégbọn náà sì ń bẹ. Àti súẹ́tà, England kúkú ni, tí òtútù bá mú, gbogbo wọn á wọṣọ, kò sẹ́ni tó ń fi òtútù ṣe akin. Oúnjẹ, ẹ gbé tiyín dání. Kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù tí mo gbé lọ ni wọ́n fi mọ̀ mí dòní.

Fóònù, ẹ fi sílẹ̀ sínú mọ́tò. Ẹ má yọ ọ́ láti wo aago pàápàá, ojú kámẹ́rà ni wọ́n máa fi wò ó, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ máa lọ sílé.

Tẹ́ ẹ bá wọlé, ẹnì kan á mú yín yíká. Wọn kì í sábà fipá bọ́ṣọ lára àlejò lẹ́nu géètì, ẹ lè fara balẹ̀ díẹ̀, àmọ́ inú swimming pool, kò sí pátá níbẹ̀. Àwa ló ń sọ pé aṣọ là ń kí ká tó kí èèyàn, ó dáa, kò sí aṣọ tẹ́ ẹ máa kí níbí, ojú ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ má sì dọ̀bálẹ̀ fún bàbá àgbà kankan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù á bà á. Orúkọ àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n ń pè, ẹ má bèèrè orúkọ bàbá wọn tàbí ibi iṣẹ́ wọn. Àṣà yẹn ti pẹ́, àwọn tó kọ́kọ́ ń pàdé nítòsí Wickford ní Essex lọ́dún 1924, orúkọ àpèjẹ́ ni wọ́n ń jẹ́ láàárín ara wọn. Àwọn ọkùnrin máa ń bi mí ní kọ̀rọ̀ pé tí ara bá wá dìde ńkọ́? Ẹ fi tówẹ̀ẹ̀lì bò ó tàbí kẹ́ ẹ bọ́ sínú omi, kò sẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀. Kì í sábà ṣẹlẹ̀, ojora kì í jẹ́.

Ibi tí wọ́n ti ń yẹ èèyàn wò gan-an ni iṣẹ́. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀wẹ̀ nílé, bó ṣe rí níbẹ̀ nìyẹn, wọ́n ní ọjọ́ tí gbogbo ẹgbẹ́ ń pé jọ gé igi, kun ilé, fọ pool, ẹni tó bá sì mú ẹ̀rọ ìgégi dání ń wọ ṣòkòtò àti ìbọ̀wọ́ o, wọn ò ya wèrè. Ẹ béèrè pé kí lẹ lè bá wọn ṣe. Ọ̀dọ́kùnrin kan wá lásìkò tèmi, ara ẹ̀ dá ṣáṣá, ó sùn sínú oòrùn látàárọ̀ dalẹ́, kò gbé kọ́ọ̀pù tó fi mu tíì pàápàá. Wọn ò pè é padà.

Èmi lọ lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó fún mi ní nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí géètì. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n fi orúkọ mi sára àwọn tó máa fọ ilé ìyàgbẹ́.