Orin tó dùn lóru, tó wá ṣá lówùúrọ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó ń ṣe orin nílé

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kọ̀ǹpútà ni mo fi ń ṣe orin nínú yàrá mi ní Ìkòròdú, kò jìnnà sí ojú ọ̀nà Ṣágámù. Lóru, bí mo bá tú sípíkà sílẹ̀ dáadáa, orin náà a dùn débi pé n ó fẹ́ kí gbogbo àdúgbò gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá rọra gbọ́ ọ lówùúrọ̀, ńṣe ni báàsì rẹ̀ máa ń dà bí ohun tí wọ́n jí gbé, tí ohùn akọrin á sì máa gún mi létí. Ṣé sípíkà mi ló bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, mi ò rò pé sípíkà ló ṣẹ̀. Etí ọmọ ènìyàn kì í gbọ́ gbogbo ìró bákan náà: ìró tó wà láàárín nǹkan bí 2,000 sí 5,000 hertz (ìyẹn iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) ló tètè máa ń gbọ́ jù, nígbà tó jẹ́ pé ìró ìsàlẹ̀ ní láti lágbára gan-an kí etí tó kà á sí. Bí a bá yí ohùn sókè, ìyàtọ̀ yìí a dín kù, báàsì a sì kún inú yàrá. Bí a bá dín ohùn kù, báàsì ló kọ́kọ́ ń sá lọ. Harvey Fletcher àti Wilden Munson wọn ọ̀rọ̀ yìí ní ilé ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1933. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ lóru ni pé ariwo sípíkà ti fi báàsì kún orin fún ọ, ìwọ náà wá rò pé ó ti tó, o ò sì fi kún un mọ́.

Yan ìwọ̀n kan, kí o fi tádà sàmì sí ibi tí bọ́tìnnì wà, kí o má sì kúrò níbẹ̀ fún èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ. Nínú yàrá kékeré, nǹkan bí decibel 75 sí 80 ti tó; decibel ni òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí ìró ṣe lágbára tó. Bí ẹni tó jókòó tì ọ́ bá ní láti pariwo kí o tó gbọ́ ọ, o ti kọjá ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí o wá gbọ́ ọ jẹ́jẹ́, kí o sì fi ìṣẹ́jú kan péré gbọ́ ọ kíkankíkan. Má fi sípíkà fóònù ṣe ìdájọ́ báàsì, nítorí kékeré rẹ̀ kò lè gbé ìró ìsàlẹ̀ jáde. Bí o bá sì ń fi orin méjì wéra, rí i pé wọ́n lọ sókè bákan náà, torí èyí tó bá lọ sókè jù ni etí máa ń pè ní dáadáa. Ẹ̀tàn yìí ti mú àwa àgbà iṣẹ́ náà rí.

Ìbéèrè: Bí wọ́n bá mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò a máa ké lẹ́bàá fèrèsé mi. Mo máa ń yí ohùn sókè láti borí rẹ̀.

Ìdáhùn: Má bá a jà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, èyí tí gbogbo ìlú mọ̀ sí “I better pass my neighbour”, ń yí ní nǹkan bí ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ó sì ń ta iná nínú yíyí kọ̀ọ̀kan. Èyí jẹ́ ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn 50 hertz, níbi tí báàsì àti ìlù ńlá ń gbé gan-an. Ìró ìsàlẹ̀ sì mọ bí a ti ń bo ìró tó wà lókè rẹ̀ mọ́lẹ̀ ju bí ìró òkè ti lè bo òun lọ. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ké, báàsì àbùjù ni wàá bù sínú orin, òdìkejì àṣìṣe tó o ṣe lóru.

Íápíìsì ńlá tó bo etí máa ń dá ìró tó mú dúró, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ rí ìró ìsàlẹ̀ dá dúró. Páálí ẹyin tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri kò wúlò fún èyí rárá. Mo ti lẹ̀ ẹ́ rí, èrè kan ṣoṣo tí a rí níbẹ̀ ni pé a jẹ ẹyin. Bẹ aládùúgbò kí ó gbé e jìnnà díẹ̀: ní gbangba, bí ọ̀nà tó wà láàárín yín bá di ìlọ́po méjì, ariwo náà á fi nǹkan bí decibel 6 dín kù. Títí iná yóò fi dé, to ẹsẹ orin rẹ tàbí kí o ṣàtúnṣe ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, kí o fi báàsì sílẹ̀.

Ìbéèrè: Etí mi máa ń dún yìn-ìn lẹ́yìn iṣẹ́ ńkọ́?

Ìdáhùn: Dá iṣẹ́ dúró lójú ẹsẹ̀. NIOSH, àjọ tó ń ṣèwádìí lórí ààbò àti ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, gba òṣìṣẹ́ láyè wákàtí 8 lójúmọ́ ní decibel 85, bí a bá sì ti fi 3 kún un, àkókò náà á já sí ìdajì. Ní 94, wákàtí kan péré ni. Etí tó ti rẹ̀ dà bí ẹnu alásè tó ti jẹ ata kó tó tọ́ ọbẹ̀ wò. Bí dídún náà kò bá lọ lọ́jọ́ kejì, lọ rí dókítà etí.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ìparí rẹ̀ rèé: kí ló dé tí orin tuntun fi máa ń wá sí mi lọ́kàn ní Ẹ̀bútè, láàárín ariwo èrò ọkọ̀ ojú omi, tí kì í wá nínú yàrá tó dákẹ́?

Ìdáhùn: Kì í ṣe ìwọ nìkan. Ní 2012, Ravi Mehta, Rui Zhu àti Amar Cheema tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ti fi ariwo decibel 50, 70 àti 85 wéra. Àwọn tó wà nínú 70 ló ronú kan ohun tuntun jù, 85 sì ba ìrònú jẹ́. Wọ́n ní ariwo díẹ̀ máa ń tú ọkàn kúrò lójú kan, kí ó lè rìn jìnnà. Èrò orí ni wọ́n dán wò o, kì í ṣe orin kíkọ, nítorí náà má sọ ọ́ di òfin. Ní 2019 ẹ̀wẹ̀, àwọn olùwádìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Sweden rí i pé orin tó ń lọ lẹ́yìn ẹni ń dí irú ìrònú bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ orin tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú, ṣùgbọ́n ariwo ilé ìkàwé kò dí i. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni kókó wà fún olórin: ariwo èrò tí o kò dá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ mọ̀ kò ní ohùn orin tí yóò wọ inú tìrẹ, ṣùgbọ́n fújì tí awakọ̀ bá tẹ̀ sílẹ̀ yóò fà ọ́ lọ sínú tirẹ̀ kí o tó mọ̀. Yẹra fún ọkọ̀ tó ń kọrin. Ohun tó bá wá sí ọ lọ́kàn ní Ẹ̀bútè, fi ẹnu kọ ọ́ sínú fóònù lójú ẹsẹ̀, kí o má sì pinnu bóyá ó dára títí o ó fi délé, tí bọ́tìnnì á wà lójú àmì tádà, tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò á sì ti sùn.