Ìtọ́jú Àgbàlagbà Nílé: Bí A Kò Ṣe Ní Kó Àrùn Ràn Wọ́n

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń tọ́jú ìyá tàbí bàbá arúgbó nílé ní Òṣogbo, ì báà jẹ́ ọmọ, ìyàwó ilé tàbí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́, ọwọ́ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣọ́. Ọwọ́ tó nu ìdọ̀tí náà ni yóò tún ro ẹ̀kọ fún wọn.

Ìbọ̀wọ́ kò ní ká má fọwọ́. Ẹlòmíì á wọ̀ ọ́ láàárọ̀, á fi pààrọ̀ pámpásì Màmá, á fi gbé ife omi wọn, á tún fi gbé fóònù tó ń dún. Èyí burú ju ọwọ́ lásán lọ, torí ẹni tó wọ̀ ọ́ rò pé òun mọ́. Iṣẹ́ kan, ìbọ̀wọ́ kan. Bí ẹ bá parí, ẹ di ti ọwọ́ kan mú lẹ́yìn, nítòsí ọrùn ọwọ́, ẹ bọ́ ọ kí inú rẹ̀ bọ́ síta. Ẹ ká a sínú àtẹ́lẹwọ́ tó ṣì ní ìbọ̀wọ́. Ẹ wá ti ìka ọwọ́ tí kò ní ìbọ̀wọ́ mọ́ bọ abẹ́ èkejì lókè, ẹ bọ́ òun náà kó fi bo ti àkọ́kọ́. Ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ dà á nù. Ẹ má fọ̀ ọ́ pa mọ́ o! Bí kò bá sí ìbọ̀wọ́, ọ̀rá mímọ́ tí kò lu, tí ẹ so mọ́ ọrùn ọwọ́, sàn ju ọwọ́ lásán lọ.

Lẹ́yìn náà ni ọṣẹ, fún ìṣẹ́jú àáyá 20, títí dé àárín ìka àti abẹ́ èékánná. Bí omi ẹ̀rọ kò bá sun, kí ẹnìkan máa fi ife bu omi kànga dà sí yín lọ́wọ́. Abọ́ kan ṣoṣo tí gbogbo ilé ń tọwọ́ bọ̀ kò wúlò.

Bí ìgbẹ́, èébì tàbí ẹ̀jẹ̀ bá dà sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi àkísà kó o kúrò. Bí 3.5%, ìyẹn bí agbára rẹ̀ ṣe tó, bá wà lára ike Jik tàbí Hypo, ẹ po ife 1 rẹ̀ mọ́ ife 6 omi tútù. Ẹ dà á síbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tó nù ún. Ẹ máa po tuntun lójoojúmọ́. Ẹ má pò ó mọ́ Izal tàbí ásíìdì ilé ìgbẹ́, èéfín rẹ̀ lè ṣe èèyàn léṣe. Omi Jik tàbí Hypo náà kò sì gbọ́dọ̀ kan egbò wọn.

Bí ikọ́ bá ń ṣe yín, ẹ wọ ìbomú kó bo imú àti ẹnu, kì í ṣe kó rọ̀ sí àgbọ̀n. Bí ikọ́ tiwọn bá kọjá ọ̀sẹ̀ 2, ẹ mú wọn lọ ṣàyẹ̀wò ikọ́ ìfe. Ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀ nílé ìwòsàn ìjọba.

Àwọn àgbà míì á bínú bí wọ́n bá rí ìbọ̀wọ́ tàbí ìbomú lára yín: “Ṣé mo ti wá di adẹ́tẹ̀ ni?” Ẹ kúnlẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé, “Màmá, Ọjà Ọba ni mo ti ń bọ̀, mi ò fẹ́ kó nǹkan ràn yín ni.” Ọ̀pọ̀ á gbà.

Ara arúgbó lè má gbóná bí àrùn bá wọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá ṣàdédé ń ṣe ráńráń, tí wọn ò jẹun, tàbí tí wọ́n ń sùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ má ṣe pè é ní ogbó. Ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.