Dọ́là 24 lóṣù nítorí NOW

Dọ́là 12 ni mò ń san lóṣù lórí sáfà mi, kọ̀ǹpútà tí mo háyà fún sáìtì mi, kí wàhálà yìí tó bẹ̀rẹ̀. Ní báyìí, dọ́là 24 ni. Ẹni tó ní kí n ra mẹ́mórì kún un kò mọ ohun tó ń ṣe sáfà náà. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n àpò tèmi ni owó ti jáde.

Sáìtì ìpolówó oúnjẹ ni mò ń bójú tó láti Adó-Èkìtì: ẹni tó ní iṣu n'Íkéré, ẹni tó ní ìrẹsì n'Ígbẹmọ. Gbogbo ìgbà tí owó ọjà bá yí padà la ń kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí náà àkọsílẹ̀ ibẹ̀ ti tó mílíọ̀nù méjì. Solr, ètò ìṣàwárí, ló ń bá wa wá nǹkan nínú wọn.

Torí pé sáfà náà kéré, mo fi timeAllowed sí 200. Bí ìbéèrè bá ti lò ju mílísẹ́kọ́ǹdù 200 lọ, kí Solr dáwọ́ dúró, kó kó ìwọ̀nba tó bá ti rí wá. Sáìtì ń yá, mo ń yan.

Àfi bí àbúrò ìyá mi ṣe pè mí láti Ìgbẹmọ. “Ṣé o ti yọ ìrẹsì mi kúrò ni?” Mo ní rárá o, mà. Mo wò ó lórí láptọ́ọ̀pù mi, ó ń bẹ níbẹ̀. Mo gba fóònù ìyàwó mi, mo wá a: ìpolówó 9 péré, tìrẹsì yẹn kò sí níbẹ̀. Nígbà tó ṣe, 63 jáde. Ó tún di 9. Mo ra mẹ́mórì. Ara tù wá fọ́jọ́ méjì, àbúrò ìyá mi sì tún pè.

Òru mẹ́ta ni mo fi jókòó tì í. Mo pa Solr, mo tún un tàn. Mo tún to gbogbo àkọsílẹ̀ sínú ìndẹ́ẹ̀sì láti ìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ òfo. Òru kẹta ni mo tó ṣí ojú ewé Plugins / Stats ti Solr, tó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣí, mo sì wo filterCache, cache (ibi ìtọ́jú) tí Solr ń kó èsì tó ti ṣà sí kó lè tún un lò: hitratio, ìyẹn ìdá ìgbà tó rí ohun tó wá níbẹ̀, jẹ́ 0. Gbogbo ohun tí wọ́n ń kó síbẹ̀, ẹnì kan ò padà wá mú un.

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́: fq=ojo:[NOW-7DAYS TO NOW], ìyẹn ni pé kí Solr ṣa kìkì ìpolówó ọjọ́ méje sẹ́yìn. NOW yìí, àkókò gan-an títí dé mílísẹ́kọ́ǹdù ló máa ń dà. Bí ẹni méjì bá béèrè ìrẹsì ọ̀sẹ̀ yìí tẹ̀lé ara wọn, lójú Solr ìbéèrè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ìyẹn ni pé à ń bo oúnjẹ sílẹ̀ de àlejò tí kò ní padà wá. Igbá oúnjẹ kan sì lè tó 250KB, torí bíìtì kan ni fún àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àyè 512 ló wà nínú cache mi: ó lè tó 128MB, nínú heap, mẹ́mórì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún Solr, 512MB tó ń bá wá. Mẹ́mórì tí mo rà ńkọ́? N kò yí SOLR_HEAP, tó ń sọ bí heap ṣe máa tóbi tó, padà! Linux ló ń rí i lò díẹ̀.

Ìdí nìyí tí ìbéèrè fi ń kọjá mílísẹ́kọ́ǹdù 200, tí Solr sì ń gé èsì kù. Kò tán síbẹ̀. Kóòdù tèmi ń tọ́jú èsì fún wákàtí kan, kò sì wo partialResults, àmì tí Solr fi ń sọ pé èsì kò pé, rí. Èsì tí Solr gé kù, òun náà ló ń pín fún gbogbo ayé. Èmi tí mo wọlé bí alábòójútó, kò fún mi ní èyí tó tọ́jú, ìyẹn ni mo ṣe ń bá ẹni ẹlẹ́ni jiyàn.

Mo kọ [NOW/DAY-7DAYS TO NOW/DAY+1DAY]: ìbẹ̀rẹ̀ ọjọ́ ni NOW/DAY ń dà, nítorí náà ìbéèrè gbogbo ọjọ́ kan náà dọ́gba. (Ọjọ́ Solr ń yí ní aago kan òru tiwa, UTC ló ń lò.) Èsì tó bá ní partialResults, a ò tọ́jú rẹ̀ mọ́. Soft commit, ìgbà tí Solr ń sọ àkọsílẹ̀ tuntun di ohun tí a lè wá rí, tó ń ṣẹlẹ̀ ní sẹ́kọ́ǹdù kọ̀ọ̀kan, tó sì ń da cache nù, mo sún un sí sẹ́kọ́ǹdù 60. Hitratio di 0.9. Ẹ wò ó, mo pariwo nínú ilé!

Bó bá jẹ́ tòní ni, hitratio ni n óò kọ́kọ́ wò kí n tó yọ káàdì. Mo ní kí wọ́n dá mi padà sí ti dọ́là 12, wọ́n ní sáfà kì í padà sẹ́yìn, àfi kí n kọ́ òmíràn. N ò tíì ráyè.