Bí a ṣe lè dènà sísanra jù nígbà òtútù ní Ìlú Ọba

Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá ni wọ́n máa ń dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan ní Ìlú Ọba. Láti ọjọ́ náà ni òkùnkùn á ti máa tètè dé. Tó bá fi máa di àárín oṣù kejìlá, oòrùn Lọ́ńdọ̀nù á ti wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, kò sì ní yọ àfi bí aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo lò níbí, òtútù ni mo dá lẹ́bi nígbà tí aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi. Òtútù kọ́. Ẹni tó bá wọ kóòtù tó nípọn ti ṣẹ́gun òtútù. Òkùnkùn ló ń mú wa jókòó. A bá a níta bí a ṣe ń lọ síbi iṣẹ́, a tún bá a níta bí a ṣe ń bọ̀, a wá fi ẹ̀yìn ti híítà, a gbé abọ́ lé itan. Nílé lọ́hùn-ún, ìrìn ọjà àti ìrìn lọ wọ ọkọ̀ ti tó fún ara láìjẹ́ pé a mọ̀. Níbí, àfi kí èèyàn dìídì wá a.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ mú téèpù aránṣọ. Ẹ wọn ìbàdí yín díẹ̀ sókè ìdodo, láàárín egungun ìhà tó wà nísàlẹ̀ jù àti òkè egungun ìdí, ẹ mí síta wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ má fa ikùn sínú. Kò yẹ kó tó ìdajì gíga yín. Ẹni tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 168, kí ìbàdí rẹ̀ má tó 84. Tó bá jẹ́ BMI, ìyẹn òǹkà tó ń fi ìwúwo ara wé gíga, ni nọ́ọ̀sì wọ̀n fún yín, ẹ rántí pé òǹkà tí NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba níbí, ń lò fún àwa tó wá láti Áfíríkà kéré ju ti àwọn òyìnbó lọ: 23 ni ewu ti ń bẹ̀rẹ̀ fún wa, kì í ṣe 25; 27.5 ni a ti ń kà sí sísanra jọ̀kọ̀tọ̀, kì í ṣe 30. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí sílẹ̀, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìrìn ọ̀sán ló kàn, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ mú ní ọ̀kúnkúndùn jù. Ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń gba àgbàlagbà níyànjú láti fi ṣe eré ìdárayá. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́jọ́ márùn-ún nìyẹn. Ẹ lo àkókò oúnjẹ ọ̀sán níbi iṣẹ́: ẹ jáde, ẹ rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ yí padà, kí ẹ tó jókòó jẹun. Kí ìrìn náà yá débi pé ẹ lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n ẹ kò lè kọrin. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ alẹ́, bí ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń tọ́jú arúgbó, kó ṣètò fóònù rẹ̀ láti jí i ní aago méjì ọ̀sán, kó jáde kí ilẹ̀ tó ṣú.

Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì tàbí mẹ́ta sàn ju kóòtù ńlá kan ṣoṣo lọ, torí ẹ lè bọ́ ọ̀kan bí ara bá ti gbóná. Kí bàtà ní eyín tó ń di ilẹ̀ mú. Ẹni tó ní ikọ́ fée, kó fi síkáàfù bo imú àti ẹnu, kó mú oògùn fífà rẹ̀ dání. Bí omi bá ti dì sójú ọ̀nà, ẹ má jáde lọ ṣubú. Ẹ wọ inú ilé ìtajà ńlá, ẹ rìn yí i ká. Bí àyà bá ń dun yín, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ pe 999.

Ẹni tó ń fẹ́ ẹlẹgbẹ́, parkrun wà, ìyẹn sísáré tàbí rírìn pẹ̀lú ọ̀pọ̀ èèyàn nínú ọgbà ìgbafẹ́. Bushy Park ní Lọ́ńdọ̀nù ló ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2004. Àárọ̀ Sátidé ni, aago mẹ́sàn-án ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kìlómítà 5, ọ̀fẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìrìn parí rẹ̀, wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Nínú ilé, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ dìde kí ẹ sì jókòó lórí àga nígbà mẹ́wàá láìfi ọwọ́ ti nǹkan, ẹ fi ọwọ́ ti ògiri nígbà mẹ́wàá, ẹ tún un ṣe. Lálẹ́ tí òjò ò dá, ẹ gbé orin jùjú àtijọ́ sí i. Ojú kan rẹ́kọ́ọ̀dù ìgbà yẹn máa ń sún mọ́ ogún ìṣẹ́jú, ẹ ò sì ní mọ̀ pé ẹ ti ṣe eré ìdárayá tán.

Oúnjẹ ńkọ́? Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni pa oúnjẹ wa tì. Òróró ni kí ẹ wọ̀n. Ṣíbí ńlá kan, yálà epo pupa tàbí òróró, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 120 kálórì. Ẹni tó jẹ ṣíbí márùn-ún nínú ọbẹ̀ ti jẹ 600, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bí 2,000 ni obìnrin nílò lójúmọ́, ọkùnrin 2,500. Ẹ fi ṣíbí wọ̀n ọ́n sínú ìkòkò, ẹ má da á láti inú ike. Kí òkèlè má ju ìkúùkù yín lọ, kí ẹ̀fọ́ pọ̀ jù ú. Bí tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ bá wọ́n, ẹ ra ẹ̀fọ́ dídì, ẹ jẹ́ kó yọ́, ẹ fún omi rẹ̀ dànù dáadáa, kí ẹ dà á sí ọbẹ̀ gbẹ̀yìn. Mọ́ínmọ́ín sàn ju àkàrà lọ ní ti òróró. Ẹ fi tíì tí kò ní ṣúgà rọ́pò mọ́ọ̀tì. Ní àríyá oṣù kejìlá, ẹ jẹ ìdajì, ẹ di ìdajì lọ sílé sínú fírísà.

Ẹ má gbàgbé fítámìn D, máíkírógírámù 10 lójúmọ́, fún egungun àti iṣan. Fún àwa aláwọ̀ dúdú, NHS ní ká ronú nípa lílò ó yíká ọdún.

Bí àìsàn tàbí yìnyín bá pa ọjọ́ mẹ́ta jẹ, ẹ má wá bí ẹ ó ṣe san gbèsè rẹ̀. Ẹ fi ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀ padà lọ́sàn-án ọjọ́ kejì.