Àwọn àṣìṣe tí ń jẹ owó àwa nọ́ọ̀sì LPN l'Amẹ́ríkà

Àárọ̀ Sátidé kan ni àbúrò wa kan pè mí láti Lanham. Kò tíì pé ọdún kan tó gba lásẹ́ǹsì LPN rẹ̀ (Licensed Practical Nurse, ìpele nọ́ọ̀sì tó wà lábẹ́ RN, ìyẹn Registered Nurse) ní Maryland níbí, ohùn rẹ̀ sì ń dún bíi ti ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. "Àǹtí, agency kan, àwọn tó ń fi nọ́ọ̀sì ránṣẹ́ síbi iṣẹ́, fẹ́ máa san dọ́là 42 fún mi ní wákàtí kan. 38 ni wọ́n ń san níbi tí mo wà. Mo fẹ́ kọ̀wé fi wọ́n sílẹ̀ o." Mo bi í pé ṣé W-2 ni àbí 1099. Ó ní, "Èwo tún nìyẹn, ma?"

Mo ní kó mú bírò.

Ẹ má fi owó wákàtí nìkan gba iṣẹ́

Ibi tó bá gbà yín sí W-2, òṣìṣẹ́ wọn lẹ jẹ́. Nínú owó Social Security (owó ìfẹ̀yìntì) àti Medicare (owó ìlera àgbàlagbà), ẹ̀yin á san ìdá 7.65 nínú ọgọ́rùn-ún, agbanisíṣẹ́ á san irú rẹ̀. Lórí 1099, ìjọba kà yín sí ẹni tó ń dá òwò ara rẹ̀ ṣe: ìpín méjèèjì, 15.3, ọrùn yín ló wà. Wọn kì í san overtime, ìyẹn owó àlékún fún wákàtí tó bá ju 40 lọ lọ́sẹ̀. Bí ẹ bá sì ń gbé bàbá arúgbó kan dìde lórí bẹ́ẹ̀dì tí ẹ̀yìn yín yẹ̀, ìbánigbófò òṣìṣẹ́ ò mọ̀ yín rí.

Àbúrò mi yìí kì í ṣe wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Bíi ti ọ̀pọ̀ nínú wa, 60 ló ń ṣe, torí owó ilé wà níbẹ̀, owó ilé-ìwé àwọn tó wà nílé ní Ìkòròdú náà wà níbẹ̀. A jọ ṣírò ó. Ní dọ́là 38 lórí W-2, wákàtí 40 àkọ́kọ́ jẹ́ 1,520. Wákàtí 20 tó kù, ìlọ́po kan ààbọ̀ ni, dọ́là 57 lọ́kọ̀ọ̀kan: 1,140. Gbogbo rẹ̀ wá di 2,660. Ní dọ́là 42 lórí 1099, 42 lọ́nà 60 ni: 2,520. Owó "kékeré" fi dọ́là 140 ju owó "ńlá" lọ lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo, a ò sì tíì dé orí ọ̀rọ̀ owó orí. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé fóònù ti já.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i. Bó bá jẹ́ pé agency ló ń yan iye tẹ́ ẹ máa gbà, tó ń pinnu ibi tẹ́ ẹ máa lọ, tó tún ń bá yín wí, òfin lè kà yín sí òṣìṣẹ́ wọn, ohun yòówù kó wà nínú ìwé. Ní 2022, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní Virginia dá agency nọ́ọ̀sì kan lẹ́bi lórí irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an, òṣìṣẹ́ tó lé ní 1,000 ni wọ́n ní kó sanwó overtime fún.

Ẹ má fi owó RN ṣètò ayé LPN

Owó tí àwọn ará ilé ń gbọ́ nípa "nọ́ọ̀sì Amẹ́ríkà", owó RN ni. Nínú ìṣirò ìjọba ti May 2024, bí wọ́n bá to gbogbo RN sórí ìlà kan, ẹni tó wà láàrin ń gba dọ́là 93,600 lọ́dún. LPN tó wà láàrin tiwa, 62,340, bíi dọ́là 30 ní wákàtí kan. Ẹ tètè sọ fún ẹ̀gbọ́n tó ń retí owó ilé kíkọ́.

Ẹ má fi owó yín ta wọ́n lọ́rẹ

Àwọn kan á fún yín ní oyè, wọ́n á gbé yín sórí owó oṣù, wọ́n á ní overtime ò kàn yín mọ́. Òfin iṣẹ́ Amẹ́ríkà ti 1938 tó fi wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ṣe òdiwọ̀n kò yọ LPN sílẹ̀ bó ṣe lè yọ RN. Ìwé ẹ̀rí tiwa kò gbé wa dé ipò tí wọ́n ń yọ sílẹ̀ yẹn, ìyẹn bí owó oṣù ni wọ́n tiẹ̀ ń san.

Owó alẹ́ ńkọ́? Ká ní dọ́là 32 ni owó yín, tí wọ́n ń fi 3 lé e torí pé alẹ́ lẹ ń ṣe. Lórí 35 ló yẹ kí wọ́n ti ṣírò overtime, 52.50, kì í ṣe lórí 32. Ọ̀pọ̀ wa kì í ka ìwé owó oṣù. A máa ń wo iye tó wọ báńkì, a ṣe àmín. Àwọn ilé ìtọ́jú kan sì wà tó ń lo ètò 8 àti 80: ohun tó bá ju wákàtí 8 lójúmọ́ tàbí 80 láàrin ọjọ́ 14 ni wọ́n ń kà sí overtime. Òfin gbà á, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ ti bá yín ṣàdéhùn ṣáájú.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ọgbọ̀n ìṣẹ́jú oúnjẹ. Ẹ̀rọ á yọ ọ́ kúrò nínú owó yín fúnra rẹ̀ lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin wà lórí ìdúró pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ oògùn, èèyàn 28 ń dúró dè yín, ìrẹsì inú kúlà ti tutù. Ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 50, wákàtí 125 nìyẹn. Ní dọ́là 32, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin dọ́là. Bí ẹ ò bá rí oúnjẹ jẹ, ẹ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù lọ́jọ́ náà gan-an kí wọ́n dá a padà. Wọ́n á le ojú mọ́ yín. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má fi lásẹ́ǹsì ta tẹ́tẹ́

Maryland ló kọ́kọ́ wọ àdéhùn àwọn ìpínlẹ̀ lórí lásẹ́ǹsì nọ́ọ̀sì, ní 1999, nítorí náà lásẹ́ǹsì ibí lè bá yín dé Virginia tàbí Delaware. Washington D.C. kò sí nínú rẹ̀. Ẹ kọjá Eastern Avenue báyìí, ẹ ti wọ D.C., iṣẹ́ tẹ́ ẹ bá ṣe níbẹ̀ láìgba tiwọn, iṣẹ́ aláìní lásẹ́ǹsì ni. Ẹni tó bá kó lọ sí Texas (LVN ni wọ́n ń pè wá lọ́hùn-ún) ní ọjọ́ 60 láti bẹ̀rẹ̀ sí í gba tibẹ̀.

Ẹni tó bá ní òun lè bá yín ra ìwé ẹ̀rí, ẹ sá fún un. Ìwé ẹ̀rí ayédèrú tó lé ní 7,600 ni wọ́n tà ní Florida kí FBI tó dé bá wọn ní 2023. Àwọn kan nínú àwọn tó rà á tiẹ̀ yege ìdánwò lásẹ́ǹsì. Lásẹ́ǹsì ọ̀pọ̀ wọn ti bọ́.

Ẹ má gba kọ́kọ́rọ́ láìka oògùn

Ní aago méje àárọ̀, ẹni tó ṣiṣẹ́ alẹ́ fẹ́ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ àpótí oògùn kó sì lọ, ọmọ rẹ̀ ń dúró de bọ́ọ̀sì ilé-ìwé. "Sister, ó pé, ẹ jẹ́ kí n máa lọ." Mo gbà á gbọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀sán ni mo tó rí i pé oxycodone (oògùn ìrora líle) kan ṣoṣo ò sí, orúkọ mi ló sì wà lórí ìwé. Wákàtí mẹ́ta ni mo fi jókòó sí ọ́fíìsì ọ̀gá, wọ́n ní kí n tọ̀ sínú ife. Wọ́n ò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n oorun dá lójú mi fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Báyìí, mo máa ń yọ káàdì oògùn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo máa ń fi ìka tẹ ihò kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn, torí àwọn kan máa ń fi tépù lẹ ibi tí wọ́n ti yọ ọ́. Ẹni tó ń kánjú á máa pòṣé, á máa wo aago. Èmi á máa kà.