Inú Rírun àti Ibà Alọ-bọ̀ Lára Ọmọdé: Ìtọ́sọ́nà fún Òbí àti Àgbẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Kogí

Ẹ̀yin òbí wa ní Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú, Òwòrò àti Kàbà, òkun o. Ìwé yìí wà fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò tíì pé ọdún 10, tí inú sì ń run ọmọ náà lemọ́lemọ́, tí wọ́n á ní ọ́sà (egbò inú) ni, tàbí tí ibà rẹ̀ ń lọ, tó tún ń bọ̀, bí àlejò tó gbàgbé fìlà.

Gbólóhùn kan wà tí mo ti gbọ́ ní oko kajú, tí mo gbọ́ ní ọjà, tí mo tiẹ̀ gbọ́ lẹ́nu àwọn tó wọ aṣọ funfun: "Maláríà àti taifọ́ìdì ni." Wọ́n á pè é pọ̀ bí ẹni ń pe Táíwò àti Kẹ́hìndé. Wọ́n á ra oògùn àwọn méjèèjì papọ̀ ní kẹ́mísìtì, ọmọ á lò ó fún ọjọ́ 2, ara rẹ̀ á tutù, èyí tó kù á wọ inú àpótí de ìgbà míì. Ìgbà míì ọ̀hún kì í sì í pẹ́ dé.

Ibà kì í ṣe orúkọ àrùn kan ṣoṣo, inú rírun náà kì í ṣe orúkọ àrùn. Ìránṣẹ́ ni wọ́n. Bí wọ́n ṣe ń wá, ìgbà tí wọ́n ń wá àti ohun tí wọ́n ń mú bọ̀ ló máa ń fi ẹni tó rán wọn hàn. Nítorí náà, ẹ ra ìwé ṣáájú oògùn.

Ìwé ibà

Ìwé ọmọ iléèwé lásán ti tó. Ẹ kọ ọjọ́ tí ara ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná àti ọjọ́ tó tutù. Ṣé àárọ̀ ló máa ń gbóná ni, àbí alẹ́, àbí kì í tutù rárá? Oògùn wo lẹ fún un, wóró mélòó, fún ọjọ́ mélòó? Ṣé ó bì í? Báwo ni ìgbẹ́ rẹ̀ ṣe rí? Ibo ló ní ó ń dun òun? Bí ẹ kò bá mọ̀wé kọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní pámárì lè kọ ọ́. Ìyá àgbà kan tí mo mọ̀ kì í kọ̀wé, èédú ló fi ń fàlà sára ògiri ilé ìdáná: ìlà gígùn fún ọjọ́ ibà, ìlà kúkúrú fún ọjọ́ àlàáfíà. Ògiri yẹn wúlò fún nọ́ọ̀sì ju "ó ti pẹ́ díẹ̀" tí gbogbo wa máa ń sọ lọ.

Bí ìwé náà bá fi hàn pé ibà náà máa ń lọ pátápátá, tí ọmọ á máa ṣeré, tí á máa jẹun fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kí òmíràn tó dé, pàápàá nígbà òjò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ maláríà: yálà ẹ̀fọn tuntun ló jẹ ẹ́, tàbí oògùn ti tẹ́lẹ̀ kò pé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gún un lọ́mọ ìka, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kó tó lo oògùn. Èsì kì í pẹ́ ju ìṣẹ́jú 20 lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí wọn kì í sábà sọ fún òbí: irú àyẹ̀wò ojú-ẹsẹ̀ yìí lè máa fa ìlà méjì, àmì pé maláríà wà, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn tí maláríà ti kú tán lára ọmọ. Bí ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ parí oògùn lóṣù yìí tí ara rẹ̀ tún gbóná, ẹ sọ fún wọn, kí wọ́n fi awò asọhun-kékeré-di-ńlá wo ẹ̀jẹ̀ náà. Ìlà méjì nìkan kò tó ẹ̀rí.

Láti 2005 ni Nàìjíríà ti gbé kolorokúìnì kúrò ní ipò àkọ́kọ́, tó sì fi ACT, oògùn alápapọ̀, rọ́pò rẹ̀. Nínú irú rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù, artemether-lumefantrine, ìgbà 6 ni ọmọ máa lò ó: àkọ́kọ́, èkejì lẹ́yìn wákàtí 8, lẹ́yìn náà àárọ̀ àti alẹ́ fún ọjọ́ 2 tó tẹ̀ lé e. Wóró ọmọdé, èyí tí wọ́n kọ 20/120 sí lára, ẹyọ 1 ni lẹ́ẹ̀kan fún ọmọ tó wọn kílò 5 títí dé ìsàlẹ̀ 15, ẹyọ 2 fún kílò 15 títí dé ìsàlẹ̀ 25. Ti àgbàlagbà tí wọ́n kọ 80/480 sí kì í ṣe ohun tí à ń fi ọ̀bẹ dá sí wẹ́wẹ́ fún ọmọ. Ẹ fún un ní ọmú, wàrà tàbí àkàrà pẹ̀lú rẹ̀, nítorí ọ̀rá ló ń bá a wọ ara. Bó bá bì í kó tó pé wákàtí 1, ẹ tún ìwọ̀n yẹn fún un. Bó bá sì tún bì í, ẹ máa gbé e lọ. Parasítámọ́ọ̀lù ń mú ara tutù, kò pa maláríà.

Ibà tí kò lọ rárá, tó ń ga sí i lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú inú rírun, orí fífọ́, àìlèjẹun, ìgbẹ́ tó lọ́ tìkọ̀ tàbí tó ń ṣàn, òun ni kí ẹ fura sí pé ó lè jẹ́ taifọ́ìdì. Àwọn àgbà tó sọ ọ́ ní ibà jẹ̀funjẹ̀fun mọ ohun tí wọ́n ń wí. Kòkòrò rẹ̀ ń dá egbò sára ìfun, bí a bá sì fi í sílẹ̀ dé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta, ó lè lu ìfun jó. Nígbà náà, iṣẹ́ abẹ nìkan ló kù. Ibí yìí ni inú rírun, egbò àti ibà ti pàdé lóòótọ́ lára ọmọdé, síbẹ̀ òun ni wọ́n ń fi kápúsù 4 tí wọ́n wé sínú bébà wò. Àyẹ̀wò Widal tí wọ́n máa ń ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí wọ́n á ní "ó ti pọ̀ lẹ́jẹ̀", kò dájú: àrùn àtijọ́ lè mú un jáde, maláríà náà lè mú un jáde. Gbígbin ẹ̀jẹ̀ ní ilé àyẹ̀wò, kí wọ́n wò ó bóyá kòkòrò máa hù, ló sàn jù. Kò sí níbi gbogbo, ṣùgbọ́n ẹ béèrè. Oògùn taifọ́ìdì sì ní iye ọjọ́ tí dókítà máa dá, a kì í já a láàárín.

Bí ó bá jẹ́ pé ibà àti ìrora eegun ló ń jọ rìn, tí ojú ọmọ ń pọ́n bí ìyeyè, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun, tàbí tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú nígbà tó wà ní ìkókó, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹ̀ẹ̀kan péré là ń ṣe àyẹ̀wò yìí láyé ẹni. Bàbá AS, ìyá AS: oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ìdá 1 nínú 4 láti jẹ́ SS. Kì í ṣe àbíkú, kì í ṣe ọwọ́ ayé. Ibà tó ń wá pẹ̀lú ẹkún nígbà tí ọmọ bá ń tọ̀, ìtọ̀ ni kí ẹ gbé lọ fún àyẹ̀wò.

Ibi tí ọmọ fi ìka sí

Ọ̀pọ̀ ọmọ máa fi ìka sí ìdodo. Bó bá fi ìka síbẹ̀, tó sunkún díẹ̀, tó sì dìde sáré bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ta bọ́ọ̀lù, ọ̀ràn náà kì í sábà le. Ó lè jẹ́ aràn, ìgbẹ́ líle, tàbí máńgòrò tútù tó jẹ lánàá. Ìdààmú ọkàn náà máa ń di inú rírun lára ọmọdé, pàápàá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tí iléèwé bá wọlé. Oògùn aràn, albendazole mílígíráàmù 400, ẹ̀ẹ̀kan ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ni ọmọ tó ti pé ọdún 2 ń lò ó. Ọmọ ọdún 1 máa lo ìlàjì. Ẹ má dúró dìgbà tí ejò inú bá jáde kí ẹ tó rántí.

Ọmọ tó ń wẹ̀ nínú odò tí inú ìsàlẹ̀ ń dùn, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń kán lópin ìtọ̀ rẹ̀, àtọ̀sí ajá ni kí wọ́n wá lára rẹ̀. Ìgbín kéékèèké inú omi ló ń gbé e. Àwọn kan ṣì ń pe ti ọmọkùnrin ní àmì pé ó ń di ọkùnrin. Rárá o.

Ọ́sà

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí n kọ ìwé yìí gan-an. Láìpẹ́ yìí, gbogbo inú tó bá run ti di ọ́sà, títí kan inú ọmọ ọdún 4. Egbò inú kì í sábà mú ọmọdé. Wọ́n ní ebi ló ń fà á, wọ́n ní ata ni. Ebi lè mú kí egbò tó ti wà ńlẹ̀ máa ta, ata náà lè ta á, ṣùgbọ́n nǹkan méjì mìíràn ló sábà ń dá a sílẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni kòkòrò kan tó ń jẹ́ Helicobacter pylori. Ní 1982 ni dókítà méjì ní Ọsirélíà, Robin Warren àti Barry Marshall, rí i. Àwọn èèyàn kò gbà wọ́n gbọ́. Ní 1984, Marshall gbé kòkòrò náà mu, inú rẹ̀ sì dàrú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní 2005, wọ́n fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀bùn Nobel. Láti kékeré là ń kó o, láti ẹnu sí ẹnu, láti inú omi àti ọwọ́ tó ti kan ìgbẹ́. Ọ̀pọ̀ wa ló ní in tí kò sì ní egbò kankan títí ayé. Nítorí náà, bí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò tí wọ́n ní kòkòrò ọ́sà wà níbẹ̀, ìyẹn nìkan kò sọ pé ó ní egbò, kò sì yẹ kí ẹ tìtorí ẹ̀ ra oògùn.

Èkejì wà nínú àpò ṣòkòtò bàbá. Lẹ́yìn ọjọ́ ebè kíkọ, bàbá á mu oògùn ara ríro. Bí ara ọmọ bá gbóná lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìlàjì rẹ̀ á kàn án. Diclofenac, piroxicam, ibuprofen àti aspirin lè dá egbò sí ikùn ọmọ, kí ó máa ṣẹ̀jẹ̀. Aspirin tiẹ̀ lè ba ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ ọmọ tó ní ibà jẹ́. Parasítámọ́ọ̀lù ni ti ọmọ: mílígíráàmù 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan, kò gbọdọ̀ ju ìgbà 4 lọ láàárín wákàtí 24. Kápúsù pupa-òun-yẹ́lò tí wọ́n ń tú sínú omi fún inú rírun náà, ẹ jọ̀wọ́, tẹtirasáíkìlìnì ni. Ó lè ba àwọ̀ eyín ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 jẹ́ títí ayé.

N kò ní kí ẹ da àgbo nù. Èmi náà mu ún dàgbà. Àgbo tí wọ́n fi ògógóró rẹ ni mo ń bá jà, àti èyíkéyìí tí a bá ń rọ sí ọ̀fun ìkókó tí kò tíì pé oṣù 6, tó jẹ́ pé ọmú ìyá nìkan ló yẹ ẹ́.

Àmì egbò gidi nìyí: ìrora ní òkè ìdodo tó ń jí ọmọ lójú oorun, èébì tó ní ẹ̀jẹ̀ tàbí tó dà bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí, ìgbẹ́ dúdú tó ń lẹ̀ bí ọ̀dà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ máa ń mú ìgbẹ́ dúdú náà, ẹ rántí sọ ọ́ bí ọmọ bá ń lò ó.

Oko

Kẹ́ẹ̀gì oògùn apakoríko kì í di kẹ́ẹ̀gì omi, bó ti wù kí a fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ tó. Ẹ gún un ní ihò kí ẹnikẹ́ni má lè pọn omi sí i. Oògùn kòkòrò tí a fi sí ẹ̀wà tàbí ọkà bàbà, ẹ má tọ́jú rẹ̀ sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ọmọ tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ lójijì lóko, tí itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀, tó ń làágùn, tí ọmọlójú rẹ̀ sún kì bí orí abẹ́rẹ́, májèlé ni. Ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ara rẹ̀, ẹ gbé e lọ pẹ̀lú ìgò oògùn náà. Ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fipá mú un bì.

Pákí tí a kò rẹ tàbí tí a kò fún dáadáa náà lè ṣe ọmọ bẹ́ẹ̀: inú rírun, èébì, òòyì.

Ní ti omi, ẹ sè é títí tó fi hó kutukutu, ẹ bò ó, kí kànga sì jìnnà sí ṣáláńgá tó mítà 30. Ọṣẹ lẹ́yìn ìgbẹ́, ọṣẹ ṣáájú oúnjẹ. Inú nẹ́ẹ̀tì ni kí ọmọ sùn, ní abà oko pàápàá.

Ìgbà tí a kì í dúró

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2 tí ara rẹ̀ gbóná. Ọmọ tí kò lè mu ọmú tàbí omi, tó ń bì gbogbo nǹkan, tó ní gìrì, tó ń sùn tí kò ṣeé jí. Inú tó le bí pákó. Ìrora tó jókòó sí apá ọ̀tún ìsàlẹ̀ ikùn tí kò kúrò. Èébì aláwọ̀ ewé. Ìkókó tó ń ké, tó ń ká ẹsẹ̀ sókè, tó dákẹ́, tó tún ké, tí ìgbẹ́ rẹ̀ sì ní ẹ̀jẹ̀ yíyọ̀. Ẹ má gba kẹ́mísìtì kọjá. Bí ibùdó ìlera àdúgbò kò bá lágbára ẹ̀, Kàbà, Ìsánlú tàbí Ẹ̀gbẹ̀ ni kí ẹ máa lọ, lálẹ́ náà. Ọ̀nà wa kò dára, mo mọ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ tètè gbéra. Ẹ ti bá ọlọ́kadà kan sọ̀rọ̀ sílẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí nọ́ńbà rẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé ibà.

Bí gìrì bá mú ọmọ lójú ọ̀nà, ẹ dúró, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má da ìtọ̀ màlúù sí i lẹ́nu, ẹ má ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná. Ẹ wo aago fóònù, kí ẹ mọ iye ìṣẹ́jú tó gbà, nítorí òun ni dókítà máa kọ́kọ́ bi yín.