Íméèlì fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Fẹ́ Bẹ̀rẹ̀

Fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tó ní íntánẹ́ẹ̀tì ti tó láti fi ní íméèlì, nítorí pé Google, Microsoft àti Yahoo kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ ṣí àkáǹtì fún ara rẹ̀. Bí ẹ bá yan Gmail, tó jẹ́ ti Google, ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ “Create account” sí, kí ẹ sì dáhùn ohun tí wọ́n bá béèrè.

Nígbà tó bá kan àdírẹ́sì, orúkọ tí ẹ bá yàn ló máa ń wà ṣáájú àmì @, iléeṣẹ́ tó ń bá yín tọ́jú lẹ́tà ló sì máa ń tẹ̀ lé e. Ọdún 1971 ni Ray Tomlinson, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, ti kọ́kọ́ lo àmì náà báyìí. Ẹ yan orúkọ tí ojú kò ní tì yín láti kọ sínú ìwé ìwáṣẹ́. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yàtọ̀ nínú àdírẹ́sì, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni ìwé yín lè balẹ̀ sí.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ ni páásíwọ̀ọ̀dù, ìyẹn ọ̀rọ̀ àṣírí tí ẹ máa fi ń wọ inú íméèlì yín. Bí èèyàn bá gbàgbé páásíwọ̀ọ̀dù tó ń lò níbòmíràn, inú íméèlì rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi ọ̀nà àtipààrọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí. Nítorí náà, ẹni tó bá ráyè wọ íméèlì yín lè tibẹ̀ gba gbogbo ìyókù mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí páásíwọ̀ọ̀dù yín tó lẹ́tà 12 ó kéré tán, kó má jẹ́ orúkọ ọmọ yín, kó má sì jẹ́ èyí tí ẹ ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ẹ má ṣe fo ibi tí wọ́n ti ń béèrè nọ́ńbà fóònù, torí nọ́ńbà yẹn ni wọ́n lè fi dá yín mọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá gbàgbé.

Láti kọ lẹ́tà, ẹ tẹ “Compose”, kí ẹ kọ àdírẹ́sì ẹni náà sí “To”, kí ẹ sì kọ kókó ọ̀rọ̀ sí “Subject”. “Ìwé ẹ̀rí tí ẹ béèrè” á tètè yé ẹni tó gbà á ju “Ẹ ǹlẹ́ o” lọ. Ẹ lè fi àwòrán tàbí ìwé mọ́ ọn, àmọ́ Gmail kì í gbà kí ohun tí ẹ fi mọ́ ọn ju 25 MB lọ (MB ni wọ́n fi ń wọn bí fáìlì ṣe tóbi tó). Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹlòmíràn náà rí lẹ́tà yìí gbà, ẹ lè kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sí “Cc” tàbí “Bcc”. Gbogbo ẹni tó gba lẹ́tà ló máa rí àdírẹ́sì tí ẹ bá kọ sí “Cc”, ṣùgbọ́n wọn kò ní rí èyí tó wà ní “Bcc”. Bí ẹ bá sì ń fèsì, “Reply” ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kọ̀wé nìkan, “Reply all” sì ń dé ọ̀dọ̀ gbogbo àwọn tí wọ́n jọ gba lẹ́tà náà. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Bí ẹ kò bá rí lẹ́tà tí ẹ ń retí, ẹ wo inú “Spam”, ibi tí wọ́n máa ń kó lẹ́tà tí wọ́n bá fura sí sí. Ibẹ̀ náà ni ẹ máa bá ọ̀pọ̀ lẹ́tà àwọn gbájú-ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń yọ́ gba àárín àwọn lẹ́tà gidi wọlé. Bí lẹ́tà tó jọ ti báǹkì bá ní kí ẹ tẹ líǹkì kan kí ẹ lè kọ páásíwọ̀ọ̀dù yín, ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́. Ẹ fúnra yín pe báǹkì náà.